Aṣọ Méjì Tí Ìyá Gúnrégé Ká

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ilé ìwòsàn. Ìyá Gúnrégé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí aṣọ tó bá ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bára mu.

Aṣọ tútù ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó lọ máa fa aṣọ tó rin gbingbin yọ nínú ẹ̀rọ láràárọ̀. Nígbà tó yá, tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, àfi ká gbé e dìde. Òfin sọ pé ẹni tí àìsàn lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ á máa gba owó ìrànwọ́, bí ọ́fíìsì àyẹ̀wò bá ti gbà pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Opó ni ẹ̀gbọ́n mi. Owó yẹn nìkan ló gbójú lé.

Èmi ni mo mú un lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníjígí ojú kan níbẹ̀ bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó wá jáde lọ mú fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀dì kan wà nínú yàrá náà, wọ́n sì ju aṣọ méjì sórí rẹ̀ wúruwùru. Mo rí ibi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀,” ni mo wí.

“Wo bí wọ́n ṣe rún un! Ṣé àkísà ni?”

Ó ti dìde. Ó gbọn aṣọ, ó fa igun pọ̀ mọ́ igun, ó ká a. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, oníjígí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mà mọ̀ ọ́n ká o, Mà!”

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ká èkejì fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi ni mò ń yí i lórí ẹní. Oníjígí ò sí níbẹ̀.

Lẹ́tà dé: “Ó dìde fúnra rẹ̀, ó ká aṣọ méjì. Ó lè ṣiṣẹ́.” Kò sówó.

A mú lẹ́tà lọ sí ilé ìfọṣọ, kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Máníjà kà á, ó tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù kan.

“Ẹni tí ò bá lè gbé ìyẹn ò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́. Òfin wa nìyẹn. Ẹ gbé e, Mà.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú. Apẹ̀rẹ̀ ò mira.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. A ti dá yín dúró nìyẹn.”

Mo ní kó kọ ohun tó sọ yẹn sínú ìwé fún wa, ká mú un padà lọ sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò. Ó ní òṣìṣẹ́ àwọn nìkan làwọn ń kọ̀wé fún.

Mo bú u. Mo bú u débi tí ohùn mi fi há. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí jáde.

“Fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀,” ló wí. “Èmi ni mo fà á. Ta ló ní kí n fọwọ́ kan aṣọ wọn?”