Àwọn Ilé Onígi Tí Mo Wọ̀n

Nígbà tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ní Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1980, ọ́fíìsì tí mo ti ń yàwòrán ilé ní àdúgbò Westchase dá wa dúró. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta péré ni mo rí lẹ́yìn náà: kí n wọn àwọn ilé onígi kan nítòsí àárín ìlú, kí n yà wọ́n sórí ìwé, kí àwọn aláṣẹ ìlú lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n pa wọ́n mọ́.

Ilé méje ni, wọ́n tò tẹ̀léra, wọ́n sì sún mọ́ra débi pé bí èèyàn bá sín nínú ọ̀kan, ará ilé kejì ni yóò kí i. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó bọ́ lóko ẹrú ló kọ́ wọn. Ìyá àgbà kan ń gbé inú ilé kẹta. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, àmọ́ ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tipẹ́, onílé tuntun sì fẹ́ wó méjèèje. Ayálégbé ni òun fúnra rẹ̀.

Ó máa ń bá mi di ẹnu téèpù ìwọ̀n mú. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí pépà ara ògiri díẹ̀ hàn mí. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló dorí kodò.

“Ìyá mi ló lẹ̀ ẹ́ nítorí atẹ́gùn,” ó ní. “Wọn ò mọ̀wé kà.”

Ó wò mí. “Ọmọbìnrin mi ní kí n kó wá sọ́dọ̀ òun. Ṣé kí n lọ?”

“Ẹ dúró, mà,” mo ní. “Bí àwọn aláṣẹ bá rí iṣẹ́ yìí, wọn ò ní jẹ́ kí onílé wó o.”

Ó dúró.

Níbi ìpàdé àwọn aláṣẹ, wọ́n yin àwòrán mi gan-an. Wọ́n gbà pé àwọn ilé náà níyì, pé ìtàn ìlú ni wọ́n jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ pé kò sí òfin tó lè ní kí onílé má wó ohun tirẹ̀. Ìpàdé parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni katapílà dé. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wó méjèèje. Ìyá náà jókòó sínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ kí i lójú fèrèsé ọkọ̀.

“Níbo ni wọ́n gbé àwòrán ọ̀hún sí?” ó bi mí.

“Ilé ìkàwé ni, mà.”

Ó mi orí. Ọmọ rẹ̀ ò kí mi.

Onílé ò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí owó ti tán nílùú. Koríko ló hù. Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà kejì padà wá sọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i.