Àárọ̀ Tí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ Mú Àbúrò Rẹ̀ Lọ Sí Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé bó bá ń di irun fún ènìyàn, onítọ̀hún lè sùn lọ. Àwọn onídìrí mìíràn a máa fa irun bí ẹni ń fa èpò, oníbàárà ò sì ní lè rẹ́rìn-ín dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, aránṣọ ni mí. Pákó kan ló la ṣọ́ọ̀bù tèmi àti tirẹ̀ láàárín, bí mo bá sì ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún tí n kì í gbọ́. Ohun tí n kò fetí gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wọn bí. Bàbá wọn ti kú nígbà tí èkejì ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, nítorí náà, ẹ̀yìn Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ni àbúrò rẹ̀ gbé dàgbà. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, bó bá kọlu àga, àga ló máa ń kí ní "pẹ̀lẹ́" kó tó ráyè sunkún. Ó dàgbà tán, ó di ẹni tó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní ìkòríta. Apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ ò le, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan tó ti tún táyà ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ìbínú padà wá, ó ní táyà náà ti tún jò. Àlàyé di ariwo, ariwo di ìgbájú. Awakọ̀ náà gbá a létí lójú gbogbo èrò, ó tún bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí wọ́n fi ń tú táyà wà lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi lu ọkùnrin náà. Ó ṣubú, kò dìde mọ́, ó sì ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó níyàwó, ó bímọ. Nígbàkígbà tí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ bá ń sọ ìtàn yìí fún mi, kì í fo ibẹ̀ yẹn. "Ẹlòmíì ló kọ́kọ́ kú o," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Pẹ̀lẹ́ sá wá sílé ìyá wọn. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ àti ìyá ló ń gbé ibẹ̀, nínú yàrá méjì tó kọjú síra. Yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọdé tó fọ́ abọ́. Kò jẹun. Ìgbà tí àkùkọ kọ ló tó lanu.

"Àǹtí mi, mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ n lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, á gbé mi sọdá ibodè."

"Kí o lọ ṣe kí ni lọ́hùn-ún? Kí o máa sá kiri bí ẹran, títí wọ́n á fi yìnbọn fún ọ? Gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, wọn kì í dájọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé mú. Wàá ṣẹ̀wọ̀n, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n wàá jáde. Ọmọdé ṣì ni ọ́."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tó ń mú un lọ síléèwé, wọ́n rọra yọ́ kọjá níwájú ilẹ̀kùn ìyá wọn kó má bàa jí, wọ́n sì forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà ṣì ń fọ eyín lọ́wọ́. Ó ní kí Pẹ̀lẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Bàtà yẹn ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbé padà wálé.

Ẹjọ́ náà falẹ̀ bí ìgbín. Nígbà tó parí, adájọ́ kò wo ti pé ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó ní ohun tí òfin wí ni òun ń wí: kí wọ́n yẹgi fún un. Lọ́yà tí ìjọba gbà fún wọn ti ń ká ìwé rẹ̀ jọ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Pẹ̀lẹ́ yíjú, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò.

"Kò bínú," ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ sọ fún mi. "Ó kàn dà bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, tó fẹ́ kí n bá òun tún un sọ."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wọn kò ti bá a sọ ju ohun tó pọn dandan lọ. "Omi ti hó." "Tilẹ̀kùn." Kò bú u, kò ṣépè fún un. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ sì gbà pé òun mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún: ìyá mọ ẹni tó fa ọmọ òun lé wọn lọ́wọ́.

Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Obìnrin kan sọ ọ́ létí mi pé òun ò lè gbé orí òun fún ọwọ́ tó ti bá ọwọ́ apànìyàn jẹun nínú àwo kan. Káfíńtà kan wà tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tó tiẹ̀ ti kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa lò. Òun náà rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, pé kí ó má bínú, àwọn ará ilé àwọn ò lè bá ilé tí okùn ń dúró de ọmọ wọn di àna. Mo bi í bóyá ó sunkún.

"Ẹkún wo?" ló wí. "Èyí tí mo ní ò tó mi lò, kí n tó wá bù níbẹ̀ fún káfíńtà."

Ìyá kò tẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà rí. Ó ní òun ò bímọ kí òun máa wò ó láàárín wáyà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò, á gé búrẹ́dì, á fi ẹyin díndín sáàárín rẹ̀, á fi aṣọ ìnuwọ́ wé e, á di í ní kókó, á gbé e sórí tábìlì láì sọ̀rọ̀. Bí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ bá dé, ìbéèrè kan náà ló máa bi í.

"Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́ tán, Màmá."

Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé ẹjọ́ ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró. Wọ́n bẹ ìjọba fún àánú. Èsì kankan ò wá. Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́dà kan tó ti mojú Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ máa ń tù ú nínú lẹ́nu géètì.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Látìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí, mi ò rí kí wọ́n yẹgi fún ẹnikẹ́ni. Okùn yẹn á ti jẹrà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé e ró. Ó tún ń jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tó sin òkú rẹ̀, ó mọ̀ pé òkú lòun sin. Ṣùgbọ́n òun, bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójijì, mo máa ń gbọ́ tí ìyarun ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí rédíò bá dárúkọ ẹ̀wọ̀n, á ní kí n jọ̀ọ́ pa á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe, títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí òun náà.

Ìgbà tó rí Pẹ̀lẹ́ kẹ́yìn, kò mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn ni. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló gẹ irun yìí fún ọ?" ló bi í láti ìta wáyà.

"Wọ́dà wa ni. Bó bá ti mú abẹ, ẹ ó rò pé oko ló ń ro."

"Ó ro ó nídàkudà o. Ó fi ebè kan sílẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Ó ní torí pé oníbàárà àtàtà ni mí, òun ò ní gbowó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́dà fi wo ojú wọn. Nígbà náà ni Pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ṣé Màmá ṣì ń bínú sí yín?"

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ kò sọ ọ́ fún un rí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ kì í sọ̀rọ̀ wọn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Ó fi ìka kan wáyà níbi tí ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. "Àǹtí mi, ká ní mo sọdá ibodè lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá má tún fojú kàn yín mọ́. Gbogbo àsìkò tí a fi ń ríra wa yìí, èrè ni. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ò bínú."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ní òun á sọ fún ìyá wọn. Kò sọ. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni tó ń wá àwíjàre fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ àbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, wọ́dà ẹnu géètì rí i lókèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Kò dìde títí ó fi kọjá. Wọ́n ní kó lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti Pẹ̀lẹ́ lọ ní kó jókòó.

"Màdáámú, wọ́n ti mú ìdájọ́ náà ṣẹ."

"Ìdájọ́ wo?"

"Ti àbúrò yín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá."

Mo rántí ọjọ́ Ẹtì yẹn. Irun ìyàwó tuntun kan ló ń dì, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń dápàárá, mo sì gbọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ láàárín ẹ̀rín wọn.

"Ẹ ò ránṣẹ́ sí wa."

"Bí àṣẹ ṣe wí nìyẹn, Màdáámú. Wọn kì í jẹ́ kí ẹbí mọ̀ ṣáájú."

"Ó dáa. Ẹ gbé òkú rẹ̀ fún mi."

"Ìjọba ti sin ín."

"Níbo?"

"A kì í sọ ọ́."

Ó ti ọ̀rá kan sí i lórí tábìlì: ṣẹ́ẹ̀tì méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọṣẹ tí wọn ò tíì lò tán. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún títí dòní nìyẹn, pé òun dúpẹ́.

Gbogbo ojú ọ̀nà ló fi ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ nílé. Ìyá wọn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àtẹ lé ẹsẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti kí i, báàgì rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ náà wà nínú rẹ̀, kókó tí ìyá di sí i láàárọ̀ kò tíì tú.

Ìyá wò ó pẹ́.

"Kò jẹ ẹ́," ló wí.

Ó dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ènìyàn tó wá kí wọn ò pọ̀. Ta ni yóò wá kí ẹni kú ọ̀fọ̀ ọmọ tí òfin pa? Èmi lọ. Aládùúgbò kan fi omi ránṣẹ́, kò wọlé. Nígbà tí ilé dá pátápátá, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ bú mi. Ẹ ti dì í sínú tipẹ́. Èmi ni mo mú un lọ."

Ìyá kọjú sí ògiri. "Mo jí," ló wí.

"Ẹ jí?"

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ jọ sọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín níwájú ilẹ̀kùn mi. Mo ti dìde, ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ ṣí i, kí n ní kó máa sá lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà rò pé wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Mo padà lọ dùbúlẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

"Ojú rẹ ló ń tì mí. Bí o bá ti wò mí, màá rò pé o mọ̀ pé mo jí. Mo jẹ́ kí ìwọ nìkan gbé e. Ọmọ mi, mo jẹ́ kí ìwọ nìkan gbé e."

Ìgbà náà ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ wá jẹ́ iṣẹ́ tí Pẹ̀lẹ́ rán an, pé òun ò bínú. Àwọn méjèèjì jọ sunkún tí wọn ò ti jọ sun láti ọdún wọ̀nyí. Ó ní ara tu òun díẹ̀. Ó ní lẹ́yìn náà ló wá dun òun ju ti tẹ́lẹ̀, torí pé ìyà tó yẹ kí ẹni méjì jọ jẹ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti jẹ ẹ́, nínú ilé kan náà.

Ìyá tí kò tẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí wá ń lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n tún lọ, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n sin Pẹ̀lẹ́ sí. Ọ́fíìsì kan á ní kí wọ́n lọ sí èkejì. Wọ́dà ẹnu géètì yẹn nìkan ló dá wọn lóhùn bí ènìyàn. Ó ní ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ògiri gíga yẹn, ṣùgbọ́n kò sí àmì lórí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ṣé ó sunkún?" ni ìyá bi í.

"Mi ò sí níbẹ̀, Ìyá."

Ó ṣí fìlà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kí ìyá mọ̀.

Ìyá kú láìmọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ kò lọ́kọ. Ó ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà sì ti ń padà, torí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìtàn náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti gbàgbé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ẹ̀rọ mi dúró, mo ń wá abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan tó ń dirun ń bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin mélòó ni ìyá yín bí?"

"Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ó ti kú."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn ni?"

Tẹ́lẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ń sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Rárá," ló wí. "Wọ́n yẹgi fún un."

Ọrùn ọmọbìnrin náà á ti le gan-an, nítorí mo gbọ́ tí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ rọra sọ fún un pé:

"Tẹ orí rẹ síwájú díẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó dùn ọ́."