Ohùn Kareemah Nínú Háàdì

Ẹ gbà mí o! Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí! Ràhámọ̀tù nìyẹn, ọmọ Mùrí tó ń ya fídíò ìgbéyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìwó níbí. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà ni Kareemah ìyá rẹ̀ kú.

Fídíò kan ṣoṣo tí Kareemah ti sọ̀rọ̀ ló kù, inú háàdì Mùrí ló sì wà, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sí. Àpótí ọ̀hún ti dolókùnrùn. Tó bá ti gbóná, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, á sì kú fin-ín. Mùrí fẹ́ da fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í dé ìdajì tí á fi já. Gbogbo ìgbà tó bá já ni mo máa ń figbe ta. Ó ń ṣe mí bíi pé obìnrin yẹn tún ń kú lójú wa ni.

Lọ́jọ́ kan, Mùrí gbé háàdì àti kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Ìyá Hussain, mo ti ki wáyà bọ ojú ihò aláwọ̀ búlúù lára kọ̀ǹpútà, èyí tó ń yára. Síbẹ̀, kò yára rárá, háàdì á ti gbóná kó tó parí."

Mo wo wáyà ọwọ́ rẹ̀. Wáyà ṣájà fóònù ni!

"Wáyà rẹ̀ gan-an ńkọ́?"

"Ó ti sọnù. Èyí náà ṣáà wọ̀ ọ́."

Inú bí mi. "Ó wọ̀ ọ́ níbo? Ìdajì ihò háàdì yìí ló ṣófo! Ṣé bí mo ṣe ń rán ṣòkòtò fún ẹ nìyẹn, ẹsẹ̀ kan?"

Ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Adégòkè tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó yá wáyà olórí fífẹ̀ wá, èyí tó kún ihò náà. Bó ṣe ki wáyà náà bọ ihò ni fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé. Háàdì gbóná, ó ń dún kẹ́-kẹ́. Mo ń pe Ọlọ́run. Fídíò wọlé tán, háàdì kú, kò sì jí mọ́ dòní.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Mùrí lè tẹ fídíò náà kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mi ò ní purọ́. Èmi ni mo padà tẹ̀ ẹ́.

"Àsàlámù aléékùm, ará ilé!" Ohùn Kareemah já gaara, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ràhámọ̀tù tó ń fi àjákù aṣọ ṣeré nílẹ̀ dáhùn bí a ṣe kọ́ ọ: "Wa aléékùm sàlámù." Ó dìde, ó ká kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàámi, mi ò rí wọn. Ẹ ní kí wọ́n máa wọlé."