Ọkùnrin Tó Ti Igbó Pa ní Adakpamé

Gbogbo Adakpamé ní Lomé ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Rídúwánù ti igbó pa. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Bàbá fi ìṣó kan pátákó mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà pápá tó ń ṣọ́, ó fi ọ̀dà pupa kọ FERMÉ sí i gàdàgbà, ó gbé àpótí sí àárín ọ̀nà, ó jókòó lé e. Bí ọ̀gá Adéolú ṣe kó àwọn àlejò rẹ̀ dé nìyẹn. Adéolú yìí ló ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Òun ló ni pápá náà, òun ló sì fún Bàbá ní yàrá tó ń gbé níbẹ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tuntun kọ́ èjìká.

"Bàbá, bọ́njú o. Ẹ gbé àpótí kúrò, àparò la wá pa."

"Bọ́njú, pátírọ́ọ̀nù. A ti tì."

"Ẹ ti kí ni? Igbó ni, kì í ṣe bùtíìkì!"

"Mo mọ̀. Bùtíìkì á ṣí lọ́la. Tèmi yìí, ó di ìgbà ọyẹ́."

Adéolú rẹ́rìn-ín, torí àwọn àlejò ń wò ó. "Ó dáa. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Abo àparò ni. Ó sì ti sàba lé e."

Ẹ̀rín pa àwọn àlejò, kò pa Adéolú. Ó béèrè pé ilẹ̀ ta ni wọ́n dúró lé yìí.

"Ilẹ̀ yín ni," ni Bàbá wí. "Ṣé ẹ ra àparò mọ́ ọn ni?"

"Kí oṣù yìí tó parí, ẹ kó ẹrù yín! Mo máa fi pápá yìí fún àwọn onítírélà, kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí i."

Bàbá fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí. "Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n má tẹ fèrè. Abiyamọ wà níbí."

Ìtàn fìlà yẹn náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ nípa Bàbá, ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ. Iyọ̀ ni àwọn yòókù máa ń bù sí i. Èmi, ata nìkan. Ọmọ Sakété ni Bàbá, ọdẹ ọmọ ọdẹ. Nígbà tó dé Lomé, ó bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan ṣiṣẹ́, yovó náà sì mú un lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́dún kan. Ohun tí Bàbá rí níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n máa ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ fi ọ̀pá lu igbó, kí ẹyẹ lè fò gba orí àwọn oníbọn kọjá. Ó ní ẹnìkan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa tọ́jú ẹyẹ. Ó ní bí àsìkò ìtẹ́ bá tó, ẹni tó ni ilẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ yìnbọn. Fìlà onírun àgùntàn tó ń dé nínú oòrùn Lomé, ó ní ìjòyè kan ló ṣí i lórí ara rẹ̀ fi dé òun. Sàrátù ìyàwó rẹ̀ ní inú ọkọ̀ òfúrufú ni ẹnìkan gbàgbé ẹ̀ sí.

Bàbá ní ajá ni ìlú òyìnbó fi ń gbé ẹyẹ tó bá já bọ́, ajá náà kò sì gbọdọ̀ fi eyín kàn án. Ló bá mú ajá ilé kan, ó sọ ọ́ ní Mílọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń pe ìjòyè níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan, Mílọ́ọ̀dù wọ ilé ìdáná Raïssa, aládùúgbò wọn, ó gbé adìẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tán, ó rọra gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá. Raïssa sáré dé pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Kàkà kí Bàbá bẹ̀ ẹ́, ṣe ló gbé adìẹ náà sókè.

"Raïssa, wò ó! Ṣé o rí ojú eyín kankan níbẹ̀? Ajá yìí kàwé!"

Raïssa ní ó dáa, kí ajá tó kàwé náà fi ẹnu jẹ́jẹ́ yẹn gbé e padà sínú ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé eré ni Bàbá ń ṣe. Kó tó dé pápá yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ìbọn ló ń yìn ín níbẹ̀, òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Pápá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Bàbá ló lé àwọn onípàkúté, ló jẹ́ kí koríko hù, títí àparò fi padà wá. Nísinsìnyí, tírélà fẹ́ gun orí wọn.

Oṣù ń parí lọ. Bàbá kò di ẹrù kankan.

"Bàbá Ṣùkúrátù," ni Sàrátù wí, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "ṣé torí àparò la ó ṣe sùn níta?"

"Àparò náà, ìta ló ń sùn. Ṣé o gbọ́ kó ráhùn?"

Nígbà tí tírélà àkọ́kọ́ dé, Adéolú ló síwájú rẹ̀, nínú léèsì funfun. Bàbá kò bẹ̀bẹ̀, kò sì jà. Ó ní, "Ẹ wá wo kọ́kọ́rọ́." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń wọ́ lọ nínú koríko. Bí Adéolú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé e nínú léèsì nìyẹn! Ìyá àparò wà lórí ẹyin. Kò fò. Ó ń wo Adéolú bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tí kò kí i. Ọkùnrin tí gbogbo pọ́ọ̀tù ń gbóhùn rẹ̀ yìí fẹ̀yìn rìn padà, ó sì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Yípadà. Má tẹ fèrè."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣí?" Bàbá ṣí. Ó to àwọn alágbàṣe pọ́ọ̀tù lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n lu igbó, àparò sì gbéra títí ojú ọ̀run fi ṣú dé Hanoukopé ní àárín ìlú. Adéolú yìnbọn títí èjìká fi ro ó. Kò ba ẹyọ kan.

"Ẹ má bínú, pátírọ́ọ̀nù," ni Bàbá wí. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ìgbà òjò ni Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Ní ọjọ́ fidáù, àwọn ọdẹ ti Sakété dé pẹ̀lú ṣakabùlà, torí ìbọn gbọ́dọ̀ dún fún ọdẹ. Sàrátù dúró síwájú wọn.

"Kò ní dún níbí. Ẹyẹ ń pamọ."

Olúọdẹ Ọlágúnjú, àgbà wọn, fárígá. "Ìyàwó wa, ọdẹ ló lọ o! Bí ìbọn ò bá dún, ṣé adìẹ la fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó kú?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ì bá ti gba ìbọn lọ́wọ́ yín."

Adéolú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, kó kọ́kọ́ yìn ín lu òun. Olúọdẹ wo ọkùnrin náà, ó wo opó náà, ó wo pápá. Nígbà tó yá, ó tú ẹ̀tù inú ìbọn rẹ̀ dà sílẹ̀, ó ní, "Ó kú tán, kò yéé pàṣẹ." Àwọn yòókù náà tú tiwọn.

Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ọdẹ padà wá. Ìbọn dún, ilẹ̀ mì. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará pọ́ọ̀tù. Àparò sá lọ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì padà.

Ní àárọ̀ tí wọ́n padà, ariwo wọn jí Sàrátù. Ó ṣí fèrèsé.

"Ẹ̀yin ọmọ Rídúwánù, ẹ dákẹ́ o! Ẹ jẹ́ n sùn!"

Wọn kò dákẹ́. Sàrátù fọwọ́ lẹ́rán, ó jókòó ti fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wọn náà kì í gbọ́ràn.