Iṣẹ́ Tí Ọ̀rẹ́ Wa Yàn

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo ra búrẹ́dì kan ní Sango lánàá. Tọ́rọ́ la ń ra irú rẹ̀ nígbà ìjọba òyìnbó, àwa mẹ́rin la sì ń pín in jẹ n'Ọ́tà: èmi, télọ̀ kan, káfíńtà kan láti Alapoti, àti ọ̀rẹ́ wa kan tí kì í fi oúnjẹ kan ẹnu títí ọ̀kan nínú wa yóò fi gbé tirẹ̀ mì.

Télọ̀ bi í pé, “Ṣé ìyá ló bí ẹ ni, àbí ẹ̀rù?”

“Ìyá ló bí mi. Ẹ̀rù ló tọ́ mi.”

Nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, wọ́n rí i pé ó mọ̀wé, wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjì: kó máa ya máàpù ní ọ́fíìsì, tàbí kó wọ aṣọ ilé dípò aṣọ ológun, kó máa gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ nípa ìjọba. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ òmìnira kì í kúrò lẹ́nu àwa mẹ́ta tó kù.

Káfíńtà wò ó. “Máàpù ni kó o yàn. Máàpù ò ní ìyá tó máa sunkún tí wọ́n bá mú un.”

Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó gba ìsinmi wálé, ó ní máàpù lòun ń yà. Ó gé búrẹ́dì, òun ló kọ́kọ́ jẹ. Àwa la wá ń wo ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù là ń sọ. Ó dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí nǹkan dùn àti ojú ẹni tó ń ṣọ́ni máa ń jọra.

Wọn ò mú ẹnikẹ́ni nínú wa títí òyìnbó fi lọ. Télọ̀ ti kú, káfíńtà náà ti kú. Èmi àti òun ló kù. Ó máa ń yà kí mi nílé mi ní Joju tó bá kírun Jímọ̀ tán. Mo kàwé dé yunifásítì, mo ti darúgbó, síbẹ̀ mi ò tíì lè bi í pé èwo ló yàn.