Iṣu Ìyá Àgbà Láàárín Pápá Gọ́ọ̀fù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́, mo fi ojú ara mi rí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí iṣu. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè wa lè rántí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà, níbi tí ilé parí sí, tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀, n kò ní pa irọ́ fún yín.

Bàbá mi ló kó gọ́ọ̀fù wọ̀lú. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n, òkè òkun ni wọ́n sì ti kọ́ eré náà. Ilẹ̀ bàbá wọn, níbi tí iná ti jó kòkó run, ni àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣán. Wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án síbẹ̀, wọ́n sì ri ọ̀pá tó ní aṣọ pupa lórí mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Koríko kọ̀, kò hù dáadáa, ni wọ́n bá po yanrìn mọ́ ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, wọ́n tẹ́ ẹ yí ihò ká. Àwa ọmọdé la máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn náà láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì ba aṣọ jẹ́ yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí ìyá wa yóò fi gún iyán tán. Iyán ilé wa kì í sì í tètè kúnná.

Ẹ̀rín ni bọ́ọ̀lù tó bá ba àpáta. Á sáré padà wá bá ẹni tó gbá a, bí ọmọ tó gbàgbé owó ọjà sílé. Inú á bí onítọ̀hún, á tún fi agbára gbá a, á tún padà. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wò ó títí, wọ́n á ní, òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Ìyá Àgbà gan-an ni ẹgbẹ́ ń bá fà á. Àárín ihò kẹrin àti ìkarùn-ún ni ebè iṣu wọn wà. Bàbá mi ti ṣèlérí fún ẹgbẹ́ pé bí wọ́n bá ti wa iṣu ọdún yẹn tán, màmá àwọn yóò kúrò. Ìyá Àgbà wa iṣu lóòótọ́. Wọ́n sun ún fún gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n gbé epo tì í, àwọn olùkọ́ jẹ, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìyá Àgbà tún kọ ebè tuntun. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ilẹ̀ tí iṣu bá kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àga síbẹ̀ ló ni ín. Àga sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù.

Bọ́ọ̀lù wá ń já ewé iṣu. Ìyá Àgbà ri igi mọ́ àárín ebè, wọ́n so aṣọ pupa, ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn. Ààlè nìyẹn, ta ni kò mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nídìí ààlè? Àní kí ìlú tó mọ̀ pé eré ni, àwọn aṣẹ́gi kì í gba pápá gọ́ọ̀fù kọjá. Aṣọ pupa mẹ́sàn-án lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo! Wọ́n ní ohun tí olè jí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yẹn kò lè kéré.

Ni àlejò bá dé láti Ìbàdàn, wọ́n wá bá ẹgbẹ́ wa díje. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ fẹ́ yan alága, ipò náà sì wu bàbá mi débi pé wọ́n fúnra wọn lọ ṣòkòtò funfun wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti kìlọ̀ pé bí ebè màmá wọn bá dójú ti ẹgbẹ́ lójú àlejò, kí wọ́n gbàgbé ipò alága. Bàbá mi bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n jókòó sílé. Ìyá Àgbà ní àwọn ti gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí àgbà gbọ́ yàtọ̀ sí kí ó gbà.

Àwọn àlejò ka aṣọ pupa, wọ́n bá mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí ìkẹwàá nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ń rọ̀ sórí ebè bí yìnyín. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọn kò rí ihò, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan fi ọ̀pá rẹ̀ tú ilẹ̀ wò, ó sì hú iṣu kékeré kan jáde. Ìyá Àgbà dìde láàárín ewé iṣu, níbi tí wọ́n ti jókòó sórí àpótí láti àárọ̀. Wọn kò pariwo.

"Uṣu mi ló kọ́kọ́ dé ulẹ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Ẹ kí i."

Gbogbo ojú yí sí bàbá mi. Bàbá mi wo àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wo ìyá wọn. Lẹ́yìn náà, tàwọn ti ṣòkòtò funfun, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ebè. Àwọn àlejò rò pé òfin ẹgbẹ́ wa ni. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ kú ìjókòó." Ẹnì kejì ní rárá, ẹ kú ìdúró ló yẹ iṣu, ewé rẹ̀ kò ha dúró? Ibi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí náà ni wọ́n ti ń jiyàn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹgbẹ́ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé tó tiwa. Ẹgbẹ́ fi bàbá mi ṣe alága. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá dé ìkẹwàá kí ó kí iṣu, a kì í ka eré rẹ̀.

Nígbà tó yá, owó oṣù kò dé déédéé mọ́. Àwọn kan lọ sí Èkó, àwọn kan ré kọjá òkun, aṣọ pupa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìyá Àgbà náà fi wá sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn iṣu sísun, àárò wọn máa ń sọ mí gan-an. Bàbá mi ti dàgbà, àwọn ló ń dá oko náà báyìí, ọ̀pá gọ́ọ̀fù wọn ni iṣu sì ń fà lé.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́lé. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, wọ́n ń ri èèkàn tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ìdí ààlè Ìyá Àgbà, ó rò pé èèkàn tiwọn ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ wọn ilẹ̀ lọ. Nígbà tiwa, aṣọ pupa kan ṣoṣo tó láti dá ìlú dúró. Ọ̀mọ̀wé á nà gbalaja nínú ẹrẹ̀ nítorí pé àgbà sọ̀rọ̀. Lónìí, ẹni tí òórùn ilẹ̀ náà kò kan nímú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè jókòó sílé rẹ̀, kí ó fi fóònù tà á.

Bàbá mi ní kí n pe àbúrò mi, kí n jẹ́ kí ó rí àwọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ebè.

"Uṣu mi ló kọ́kọ́ dé ulẹ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Kí i."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀, a kò sì rí nǹkan mìíràn ju àjà ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilẹ̀: "Ẹ kú ìdúró o." Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn rẹ̀ tu.

Bàbá mi dẹ etí sí ewé iṣu díẹ̀, wọ́n sì bá a dá àbúrò mi lóhùn.

"Ó ní o kú àtijọ́."