Macro Ọ̀gá Dèjì àti Déètì Tó Kọ̀ Láti Rìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́ fún yín. Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi o. Ẹ̀rín ni kí ẹ bá mi rín, torí ẹkún ti sú mi.

Èmi Sìkírà, Ìjòkó ni mò ń gbé, iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe èmi ni mò ń po ìyẹ̀fun o! Kọ̀ǹpútà ni tèmi. Èmi àti ọ̀gá mi, Ọ̀gá Dèjì, la jọ ń tọ́jú software tó ń tẹ déètì sára páálí: ọjọ́ tí wọ́n ṣe bísíkíìtì yẹn àti ọjọ́ tí kò ní ṣe é jẹ mọ́.

Casual ni mo ṣì jẹ́ nígbà yẹn. Máníjà ti ṣèlérí pé tí software náà bá ti ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, wọ́n á sọ mí di staff gidi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe casual rí ní Ọ̀tà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n lè dá ẹ dúró ní géètì láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó o máa lọ sílé.

Lisp, ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ni wọ́n fi kọ software yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ Lisp? Torí Ọ̀gá Dèjì fẹ́ràn ẹ̀ ni! Nínú Lisp náà, macro ló fẹ́ràn jù. Tó o bá kọ function síwájú ẹ̀, á wò ẹ́ bí ẹni tó fọwọ́ òsì fún àgbà lómi. Ó ní function wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ fara balẹ̀, kò le. Function dà bí ẹni tó jókòó sídìí aago. Ìgbàkígbà tó o bá bi í pé aago mélòó ló lù, á gbójú sókè, á wò ó, á sì sọ fún ẹ. Macro ní tiẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ń compile, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ọjọ́ náà ló ti wo aago, tó sì ti kọ ohun tó rí sára ògiri. Bi í lọ́la, bi í lọ́dún tó ń bọ̀, ògiri yẹn náà ló máa nawọ́ sí. Macro ò burú o! Iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ti déètì òní ni?

Bẹ́ẹ̀, macro ni Ọ̀gá Dèjì fi kọ déètì. Mo sọ fún un o. Mo ní, Ọ̀gá, ṣé èyí ò ní dúró sójú kan báyìí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní function á máa fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ wo? Kí páálí kan tó tẹ̀lé ìkejì níbẹ̀, èèyàn á ti ka Fátíhà tán!

Nígbà tí a ń dán an wò, kò sẹ́ni tó lè fura. Lójoojúmọ́ la ń tún un ṣe, lójoojúmọ́ la ń compile ẹ̀, déètì sì ń tọ̀nà. Ìgbà tí a parí iṣẹ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n compile èyí tó gbẹ̀yìn, ní Mọ́ńdè kan. Mo ṣe bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Láti ìgbà yẹn, Mọ́ńdè ni gbogbo ọjọ́ ní iléeṣẹ́ wa!

Alhaja kan tó ń gba ọjà wa ní Ìgbẹsà ló pariwo síta. Ó rí i pé déètì kan náà ló wà lára ọjà tuntun àti èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ó pe Máníjà, ó ní ṣé bísíkíìtì tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n wá ń kó fún òun, ó sì dá odindi ọkọ̀ ọjà padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń sọ ọ́ tipẹ́, "This date no dey waka o," gbogbo èèyàn rò pé àpárá ló ń dá.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Kí n tó jókòó, query ti wà lórí tábìlì, orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀gá Dèjì ti ṣàlàyé fún Máníjà pé kò sí àbùkù nínú ohun tí òun kọ, pé Sìkírà ló compile ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ò jẹ̀bi, ẹni tó gbé e wá sórí tábìlì ni wọ́n mú!

Iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá mi ní Jojú, tí wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ń ṣe kọ̀ǹpútà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sọ ti aago, mo sọ ti ògiri. Máníjà, bàbá àgbàlagbà tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn, ń wo aago ọwọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n compile ẹ̀ níṣojú wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, déètì ọjọ́ yẹn gan-an ló jáde! Mo ní, Dádì, ẹ rí i? Tí a bá yí macro yìí sí function báyìí, ó ti parí.

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ. "Áà! So tó o bá ti compile ẹ̀ ló ń tọ̀nà? Kí ló wá dé tí o ò máa compile ẹ̀ lójoojúmọ́?"

Ọ̀gá Dèjì mi orí, ó ní ohun tí òun náà ti ń rò nìyẹn. Ó ti ń rò ó kẹ̀! Bí wọ́n ṣe fa query ya nìyẹn, tí wọ́n sọ mí di staff gidi. Iṣẹ́ mi? Kí n máa débẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, kí n máa compile. Sátidé ńkọ́? Kí n wá. Sọ́ńdè ńkọ́? Bísíkíìtì ò mọ Sọ́ńdè. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan macro Ọ̀gá Dèjì.

Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun títí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ìwé tí mo kà ò ní já sásán. Kí ni kí n sọ? Mo ṣe àmín.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ọjọ́ tí ibà bá dá mi wó ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ bísíkíìtì yẹn. Mo bá rọra kọ function náà, mo fi rọ́pò macro. Macro ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò fọwọ́ kàn án, kò kàn sí ohun tó ń pè é mọ́ ni. Láràárọ̀ mo ṣì ń lọ, mò ń tẹ ohun tí kò nílò títẹ̀, Máníjà ń kí mi kú iṣẹ́.

Àfi bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ kan. Omi gba gbogbo ọ̀nà Ìjòkó, ọlọ́kadà kankan ò gbà láti gbé mi. Ìgbà tí mo máa fi débẹ̀, ẹ̀rọ ti ń lọ tipẹ́, páálí ti kún ilẹ̀, déètì sì tọ̀nà! Máníjà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n bi Ọ̀gá Dèjì pé báwo ló ṣe jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ kí Sìkírà tó dé. Ṣé wọn ò ní ní àwọn ò nílò mi mọ́ báyìí?

Ọ̀gá Dèjì tún kọ́là ẹ̀ ṣe. Ó ní bí macro tó dáa ṣe ń ṣe nìyẹn, tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, á mọ ohun tó ń ṣe. Máníjà wá bèèrè pé ṣé kí wọ́n jẹ́ kí Sìkírà máa lọ sílé nígbà náà? Ọ̀gá Dèjì fò dìde. Ó ní rárá o, kí Sìkírà ṣì máa bọ̀. Ó ní tí déètì bá tún dúró lọ́jọ́ kan, ta ni wọ́n máa fún ní query?

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: tó o bá ń kọ Lisp, kọ́kọ́ bi ara ẹ pé ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n ṣe ìpinnu, ṣé nígbà tí ẹ ń compile ni àbí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́fíìsì. Wọ́n ti dá ẹjọ́ tèmi kí n tó wọlé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba query rí fún ohun tí ọ̀gá ẹ̀ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ọ̀gá Dèjì nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé function ló ń bá a ṣiṣẹ́. Staff gidi ni mí báyìí, mi ò sì fẹ́ padà sí casual.